Owó Ọ̀sẹ̀, Ọjà Ọdún

Àpótí irin mẹ́ta ló wà nínú yàrá mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọdún 2020, àdìrẹ ló sì kún inú wọn. Lálẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn, màá ṣí wọn, màá fọwọ́ pa aṣọ náà, màá tún pa wọ́n dé. Ẹni tó bá rí mi á rò pé owó ni mò ń kà. Gbèsè ni.

Iṣẹ́ aró ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi rẹ aró, ìyá tó bí ìyá mi náà rẹ ẹ́. Ẹni tó bá ń ta àdìrẹ ní Òṣogbo mọ̀ pé oṣù kan ló ń jẹ́ oṣù lọ́dọ̀ wa, oṣù Kẹjọ. Mùsùlùmí ni mí, mi ò lọ bọ odò, ṣùgbọ́n ọdún Ọ̀ṣun ni ìkórè wa, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Láti ọdún 2005 tí UNESCO ti ka Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, àlejò kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan mọ́, wọ́n ń ti òkè òkun wá. Nígbà tí arugbá bá fi máa gbé igbá kúrò láàfin lọ sódò, aṣọ mi ti wà lára àwọn kan nínú èrò. Ohun tí mò ń tà ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò lè tà á láti oṣù Kọkànlá títí di oṣù Karùn-ún.

Ní oṣù Kejì ọdún 2020, mo rò ó pé bí mo bá kó ọjà tó pọ̀ ju ti ẹ̀yìnwá lọ, ọdún náà ló máa yọ mí nínú ìyà. Ni mo bá lọ gba owó gbómúlélántà. Ẹni tí kò bá mọ owó yìí á rò pé ẹ̀fẹ̀ ni orúkọ rẹ̀. Owó tí àwọn bánkì kéékèèké ń yá àwa obìnrin ọlọ́jà ni. A ó kóra jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́, ọ̀kan á dúró fún èkejì, a ó sì máa san án lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ibi tí mo ti gba tèmi.

200,000 náírà ni wọ́n kọ sí káàdì mi. Ọ̀sẹ̀ 24 ni màá fi san án, 10,000 náírà lọ́sẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ní, "Màmá, ogún péré ni lórí ọgọ́rùn-ún." Ó dùn létí. Wọ́n yọ 20,000 sílẹ̀, wọ́n ní ìfipamọ́ ni, màá rí i gbà tí mo bá san tán. Wọ́n yọ 3,000 fún inṣọ́ránsì, 2,000 fún fọ́ọ̀mù. Ohun tó wọ ọwọ́ mi jẹ́ 175,000. Ohun tí màá san jẹ́ 240,000. Mo fọwọ́ sí i.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fara pamọ́ sínú "ogún lórí ọgọ́rùn-ún" yẹn. Orí 200,000 ni wọ́n ti ka èlé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fi di ọ̀sẹ̀ kejìlá, mo ti dá ìdajì owó náà padà. Ìdajì tí kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, mo ṣì ń san èlé rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó gba yàrá méjì lọ́wọ́ onílé, tó dá ọ̀kan padà, tí onílé sì ń gba owó yàrá méjì lọ. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí owó tó wà lọ́wọ́ mi gan-an lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ogún yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ di ogójì, láàárín oṣù mẹ́fà tí kò pé. Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní orúkọ fún irú owó bẹ́ẹ̀. Sọgúndogójì ni.

Síbẹ̀, èlé kọ́ ló gbé mi ṣubú. Mo mọ àwọn obìnrin tó ń gba owó yìí kan náà tí kò pa wọ́n lára. Ìyá Ẹlẹ́pà tí à ń ṣèpàdé nílé rẹ̀ wà lára wọn. Ó ń ra ẹ̀pà lọ́jọ́ Ajé, ó ń yan án lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kó tó di Ọjọ́bọ̀ ó ti tà á, èrè ti wọlé. Owó ọ̀sẹ̀ ló gbà, ọjà ọ̀sẹ̀ ló ń tà. Èmi ńkọ́? Ọjọ́ 13 oṣù Kejì ni mo gba owó. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélógún rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù Keje. Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun. Kí ọjà tí mo torí rẹ̀ yáwó tó mú náírà kan wálé, ó yẹ kí n ti san gbèsè náà tán! Níbo ni mo rò pé 10,000 ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ á ti máa wá? Mi ò rò ó rárá. Inú 175,000 náà ni mo ti ń bù ú. Mo yáwó, mo sì ń fi owó tí mo yá san owó tí mo yá.

Ọjọ́bọ̀ ni ìpàdé wa. Obìnrin mẹ́wàá lórí bẹ́ǹṣì méjì, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ẹnì kan kò bá rí tirẹ̀ san, kò sẹ́ni tó máa lọ. Ọmọ bánkì á to káàdì gbogbo wa sórí itan, á máa tẹ fóònù rẹ̀. Oòrùn á ti orí òrùlé bọ́ sí ẹsẹ̀ wa. Ọbẹ̀ ẹnì kan wà lórí iná, ọmọ ẹnì kan ti ti ilé ìwé dé, kò kàn án. Nígbà tó bá pẹ́, àwọn yòókù á tú etí ìró, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta níhìn-ín, ẹgbẹ̀rún kan lọ́hùn-ún, wọ́n á san án, wọ́n á wá kọjú sí ẹni tó kó wọn sí i. Ìyá mi kọjá lọ́jọ́ kan, ó rí wa, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òṣómàáló ti padà dé." Àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń kiri aṣọ láwìn nígbà ọmọdé rẹ̀ ló ń sọ. Wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n á ní òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó. "Ṣùgbọ́n òṣómàáló ayé ìgbà náà," ìyá mi ní, "òun fúnra rẹ̀ ló ń lóṣòó. Ẹ̀yin wọ̀nyí, ẹ̀ ń bá a ló o."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo san kí kòrónà tó ti ìlú pa ní ìparí oṣù Kẹta. Ìpàdé dúró. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nítorí èyí, kí Ó má bínú sí mi. Nígbà tí ìpàdé wọlé padà, gbèsè náà wà níbi tí mo fi í sí, ṣùgbọ́n ọjà kò sí. Ọdún Ọ̀ṣun tọdún yẹn, àwọn tó yẹ kó ṣe ètùtù ló ṣe é. Èrò kò wọ ìlú. Àpótí mi mẹ́ta wà nílẹ̀ bí mo ṣe kó wọn.

Ibẹ̀ ni ọmọ tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti fi áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù hàn mí. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ìṣẹ́jú márùn-ún ni." Òótọ́ ló sọ. Mo béèrè 20,000, 15,000 ló wọlé, ọjọ́ méje, kí n san 20,000. Mo fi san ti Ọjọ́bọ̀. Nígbà tí ọjọ́ keje pé, mi ò ní in. Wọ́n ní kí n san 5,000, àwọn á sún ọjọ́ síwájú. Mo san án. Ọ̀sẹ̀ kejì, 5,000. Ìgbà mẹ́rin ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. 20,000 ti jáde lọ́wọ́ mi, 20,000 ṣì wà lọ́rùn mi, 15,000 ni mo sì rí gbà láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá yá lọ́dọ̀ èkejì láti fi pa ti àkọ́kọ́ lẹ́nu mọ́. Nígbà tó fi di oṣù Kẹsàn-án, áàpù márùn-ún ló wà lójú fóònù mi.

Kí wọ́n tó yá mi ní kọ́bọ̀, áàpù náà béèrè bóyá òun lè wo àwọn nọ́ńbà tó wà nínú fóònù mi. Mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mi ò jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́ pé mo jẹ gbèsè, mo kó gbogbo ẹni tó mọ̀ mí fún ẹni tí mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú kan lẹ́yìn àsàlátù, Ìyá Àdínì wa ní kí n dúró de òun. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Fọ́tò mi ni, èyí tí mo yà ní Iléyá, léèsì aláwọ̀ ewé lọ́rùn mi. Wọ́n fi lẹ́tà pupa kọ OLÈ sí i láyà. Wọ́n ní kí ẹni tó bá mọ̀ mí sọ fún mi kí n san owó olówó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ìwàásù ni mo ń retí. Mo rò pé á ní, ìwọ ọmọ mùsùlùmí, ìwọ tó mọ ohun tí Kùránì sọ nípa èlé. Kò sọ ọ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, èèyàn mélòó lo jẹ? Èló ni gbogbo ẹ̀?"

Mi ò lè dá a lóhùn. Kì í ṣe pé mò ń fi pamọ́. Mi ò mọ̀ ni. Láti oṣù mélòó kan ni mo ti ń sá fún iye yẹn bí ẹni ń sá fún ajá.

Ó fa káàdì ìpè ìgbéyàwó kan yọ nínú báàgì rẹ̀, ó dojú rẹ̀ dé, ó ní kí n máa pè é. Owó ọlọ́sẹ̀, 90,000 ló kù. Áàpù márùn-ún, 118,000. Ẹ̀gbọ́n tí mo ti gba aṣọ funfun láwìn ní Ọjà Ọba, 85,000. Èsúsú tí mo ti kó ṣáájú tí mo ṣì ń dá, 40,000. Àbúrò mi ọkùnrin, 30,000. Ó ro ó papọ̀, ó fa ìlà sí i: 363,000. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ara mi fúyẹ́. Nínú orí mi, ó ti kọjá mílíọ̀nù kan.

Mo sọ fún Bàbá Ìbejì lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹ oúnjẹ mi. Ní ọjọ́ kẹrin ó gbé 25,000 sórí tábìlì, kò sọ̀rọ̀.

Lórí èwo ni ká kọ́kọ́ san, èmi àti Ìyá Àdínì jiyàn gan-an. Ó ní ti àbúrò mi ni, ẹbí ni, kí ọ̀rọ̀ má baà di ìjà. Mo ní rárá. Gbèsè àbúrò mi kì í bímọ. 30,000 tí mo jẹ ẹ́ lónìí, 30,000 náà ni lọ́dún tó ń bọ̀, bó bá tilẹ̀ bínú. Ti áàpù ń bímọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ń bímọ ni mo dojú kọ, láti orí èyí tó kéré jù, mo sì jáwọ́ pátápátá nínú owó sísún ọjọ́ síwájú. Bí mo bá rí 5,000, inú ojú owó ni mo ń san án sí. Wọ́n bú mi, wọ́n tún fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹni tó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan kò tún sí ohun tuntun tó máa rí.

Àwọn yòókù, mo lọ bá wọn lójúkojú. Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n aláṣọ ní Ọjà Ọba ló nira jù, nítorí mo ti ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kó má baà rí mi. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yín kò sí lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò ní sá mọ́. Ẹgbẹ̀rún méjì ni màá máa mú wá ní gbogbo Sátidé." Ó wò mí títí. Ó ní, "Dìde. Àìfojúhàn rẹ ló ń dùn mí, kì í ṣe owó náà." Ó pẹ́ kí n tó san án tán, nítorí kéèyàn máa fi ẹgbẹ̀rún méjì lọ́sẹ̀ san 85,000 kì í ṣe eré. Ṣùgbọ́n kí n tó san án tán ló ti tún ń gbé aṣọ fún mi.

Owó náà wá láti inú àpótí. Mo ṣí ọ̀kan, mo fi àdìrẹ gé ìbòmú. Àwọn ilé ìwé ti wọlé padà, kálukú ń wá ìbòmú fún ọmọ, 200 náírà ni mò ń ta ọ̀kan. Aṣọ tí mo fi àbẹ́là ya ẹyẹ sí lára, tí mo rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó gbó bó ṣe yẹ, mo ń ti sísọ́ọ̀sì bọ ẹyẹ náà lọ́rùn. Ìyá mi kò lè wò ó, ó dìde kúrò níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣe é láti oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ojú mi ò tíì là nígbà náà, aṣọ ọdún Ọ̀ṣun ni mo ṣì ń pè é.

Áàpù márààrún kúrò lọ́rùn mi kí ọdún náà tó parí. Nígbà tí ọdún 2021 fi máa parí, mi ò jẹ ẹnikẹ́ni. Mo rò pé ó tán.

Ní ọdún 2023 mo lọ sí bánkì kan láti yá owó ra páńẹ́ẹ̀lì sólà. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ tẹ BVN mi, nọ́ńbà tí gbogbo bánkì fi ń dá èèyàn mọ̀, ó ní gbèsè kan ṣì wà lórúkọ mi láti ọdún 2020. Ọ̀kan nínú àwọn áàpù yẹn ni, mo ti san án tán, kò sẹ́ni tó pa á rẹ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òfin kan ti wà láti ọdún 2017 lórí àkọsílẹ̀ ìyáwó, àti pé àwọn ilé iṣẹ́ bíi CRC àti FirstCentral ló ń tọ́jú àkọsílẹ̀ náà: ohun tí èèyàn yá, ọjọ́ tó san án, èyí tí kò san. Èèyàn lè béèrè kí wọ́n fi tirẹ̀ hàn án, bí àṣìṣe bá sì wà níbẹ̀, ó lè ní kí wọ́n tún un ṣe. Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀je. Èmi san ẹgbẹ̀fà o, igi ṣì wà lójú ọ̀nà. Ẹ̀rí ìsanwó tí mi ò pa rẹ́ nínú fóònù mi ló gbà mí, a fi í ránṣẹ́, wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Láti ìgbà náà, bí mo bá san gbèsè tán, mi ò ní kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé pé mi ò jẹ wọ́n mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa kan rò pé bí àwọn bá ti kó owó lọ sí bánkì mìíràn, bánkì tí àwọn jẹ kò lè rí i. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Bánkì Àpapọ̀ ti gbé ètò kalẹ̀ tí bánkì tí a jẹ fi lè gba BVN yọ owó rẹ̀ nínú àkáǹtì wa níbòmíràn. Kò síbi ìsápamọ́ mọ́.

Ti áàpù náà ti yàtọ̀ díẹ̀ báyìí. Ní ọdún 2022, FCCPC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ àwọn oníbàárà gbé ìlànà jáde pé kí àwọn ayánilówó orí fóònù wá forúkọ sílẹ̀, orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọn. Ní ọdún 2023, Google náà ní áàpù ayánilówó kò gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà àti fọ́tò inú fóònù ẹni mọ́. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, Google kò mọ̀ ọ́n rí.

Mo ṣì ń yáwó. Ó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Ìgbóǹnà, mo fi owó pamọ́ síbẹ̀ títí ó fi tó 90,000. Ìlọ́po méjì ohun téèyàn ní ni wọ́n ń yáni, onídùúró méjì, èlé mẹ́wàá lórí ọgọ́rùn-ún. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024 mo béèrè 150,000, mo sì ní kí wọ́n jẹ́ kí n máa san 5,000 lóṣù títí di oṣù Keje, kí n wá san ìyókù lẹ́yìn ọdún Ọ̀ṣun. Akọ̀wé ní irú rẹ̀ kò sí nínú òfin àwọn. Alága, ìyá àgbà kan tó ń ta epo pupa, ní, "Ta ló kọ òfin náà? Ṣebí àwa náà ni." Wọ́n gbà. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án fi máa parí, mo ti san 165,000, mi ò fi kọ́bọ̀ kan nínú owó tí mo yá san gbèsè.

Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni ti àwìn tí èmi náà ń tà. Oníbàárà á ní òde kù sí dẹ̀dẹ̀, aṣọ ẹbí ni, òun á san lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé wo? Mo ti ń gba ìdajì owó kí n tó ki aṣọ bọ aró, ṣùgbọ́n bí ẹni tí mò ń bọ̀wọ̀ fún bá dé, ẹnu mi kì í gbà á.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọ bánkì kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ọmọ dáadáa, tó ń kíni bí ẹni wọ́n kọ́ nílé. Ó ní, "Màmá, a lè fún yín ní 500,000 láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta." Mo bi í pé èló ló máa wọ ọwọ́ mi gan-an. Ó sọ ọ́. Mo bi í pé èló ni gbogbo ohun tí màá san. Ó fa fóònù yọ, ó ṣírò rẹ̀, ó sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ díẹ̀. Mo wá bi í pé ṣé oṣù Kẹjọ ni mo lè bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Ó ní òun máa lọ bi mánijà òun, òun ń bọ̀. Kò tíì dé. Ó gbàgbé bírò rẹ̀ sórí tábìlì mi, òun ni mo fi ń kọ orúkọ àwọn tó jẹ mí.